Onígbàgbọ́ Ọjọ́ Ajé

  

Lẹ́tà tí ìgbìmọ̀ ìkórè ìjọ wa kọ sí mi ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí onígbàgbọ́ ṣe lè fi gbogbo ọkàn gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. ‘Gbogbo ọkàn’ kò bà mí lẹ́rù, torí kò sẹ́ni tó lè la àyà ẹlòmíì wò. ‘Lójoojúmọ́’ ló bà mí lẹ́rù, nítorí ìyẹn ṣeé fojú rí. Ọjọ́ tí à ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ọjọ́ Àìkú là ń pè é. Èyí tó tẹ̀ lé e, Ọjọ́ Ajé. Ẹni tó to orúkọ wọ̀nyí tẹ̀ léra mọ ọmọ Yorùbá: bí a bá ti tọrọ àìkú tán, owó ló kàn. Nítorí náà ẹ má bínú sí mi, mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa òní. Òní ti dára. Aṣọ wa mọ́, orin wa dùn, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kó síwájú pẹpẹ pọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni mo bá wá.

Lọ́dún kan, wọ́n ní kí àwa tísà tó ti fẹ̀yìn tì wá fojú hàn ní ọ́fíìsì kan, kí ìjọba lè mọ̀ pé ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì kò tíì kú. Ọjọ́ Ajé ni. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀ láago mẹ́fà àbọ̀, bíi ogójì ènìyàn ti ṣáájú mi. Àwọn kan mú ọ̀pá dání, àwọn kan ní ọmọ-ọmọ tó fà wọ́n lọ́wọ́ wá. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níta, a fi í sílẹ̀ fún àwọn tí orúnkún ń dùn. Láago mẹ́jọ àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, ìsìn òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọrin, ohùn wọn dùn, mi ò ní parọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan wàásù. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Nígbà tó fi máa ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́wàá lù, àdúrà ni wọ́n ń gbà, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run kó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bàbá kan tó dúró tì mí, tó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ní ìṣirò, wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà, ó ní, ‘Àwa náà, ohun tí à ń bẹ̀ wọ́n nìyẹn.’

Kí àdúrà tó parí, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ọmọbìnrin kan yọ jáde. Kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìwé orin wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó wò wá, ó padà wọlé, ó gbé àga méjì jáde, ó tún padà, ó gbé méjì sí i. Ó ya ewé méjì nínú ìwé kan, ó ń fi bírò kọ orúkọ wa bí a ṣe dé tẹ̀ léra. ‘Bàbá, aago mélòó lẹ dé? Ìyá, ṣé ẹ ti fi nǹkan panu?’ Nígbà tí àwọn yòókù fi máa ṣe àmín tó gbẹ̀yìn, ó ti kọ orúkọ gbogbo wa tán, ó sì ti yẹ ìwé ẹni mẹ́fà wò. Mo gbọ́ tí ọ̀gá wọn ń sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé kò ka nǹkan Ọlọ́run sí. Kò fèsì. Ó pe orúkọ ẹni keje.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ fi ọ̀gá yẹn ṣe ẹlẹ́yà. Mo ti rò ó títí. Kì í ṣe alágàbàgebè. Alágàbàgebè rọrùn láti bá wí, torí òun alára mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ọ̀gá yẹn gbà á tọkàntọkàn pé inú yàrá ni ìsìn wà, àti pé àwa tí a wà níta la fẹ́ dí ìsìn lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà lónìí. Ọkàn wa kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Ibi tí a rò pé Ọlọ́run jókòó sí ni ìṣòro.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn bàbá wa fún ẹ̀sìn yìí. Ìgbàgbọ́ ni wọ́n pè é. Kí o gbà, kí o sì gbọ́. Nínú èdè wa, ọmọ tó ń gbọ́ kì í ṣe ọmọ tí etí rẹ̀ là lásán, ẹni tí a rán níṣẹ́ tó sì lọ ni. Bí ìyá bá ní, ‘Ọmọ yìí kì í gbọ́,’ kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbà. A gbà ní ọjọ́ ìrìbọmi, a tún gbà nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé wa lórí. Gbígbọ́ ló kù. A dà bí ẹni tó ń sọ lórí fóònù pé ‘mo ti wà lójú ọ̀nà’, tí ọṣẹ ìwẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀.

Gààrí ni ìyá mi ń tà. Ó ní kóńgò méjì. Ọ̀kan ló fi ń rà lọ́wọ́ àwọn ará oko, ọ̀kan ló fi ń tà fún àwọn ará ìlú. Lójú ẹni tí kò mọ̀, bákan náà ni wọ́n rí. Àmọ́ èyí tó fi ń tà, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, tó fi jẹ́ pé bí o bá tẹ ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wàá bá òkè kékeré kan nísàlẹ̀. Kì í ṣe ìyá mi nìkan. Ìsọ̀ tó wà lápá ọ̀tún ní irú rẹ̀, ti apá òsì náà ní. Wọn kò kà á sí olè jíjà. Ọgbọ́n ọjà ni wọ́n ń pè é.

Ọwọ́ náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìyá mi bá ń rà, á bu gààrí sínú kóńgò, á gbá ìdí kóńgò mọ́lẹ̀ kí gààrí lè sọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, á tún bù lé e títí tí yóò fi máa dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń tà, á rọra máa dà á láti òkè, gààrí á fúyẹ́, á wú, á dúró ṣonṣo lórí kóńgò. Ojú oníbàárà á kún. Àpò rẹ̀ ni kò ní kún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìhìnrere Lúùkù dáadáa á rántí ibi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n tí a tẹ̀, tí a mì, tó kún tó ń dà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ibẹ̀ gba ọrẹ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ alágààrí ni mí, mo mọ ohun tí mo ń gbọ́. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti dúró níwájú ìsọ̀ rí, ó sì ti wo ọwọ́ ẹni tó ń wọn ọkà.

Ní Léńtì ọdún kan, wọ́n wàásù lórí Sákéù agbowó orí, ará Jẹ́ríkò. Ìyá mi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó se ọbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé mọ́, ó mú kóńgò tó fi ń tà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu omi sínú rẹ̀ fún àwọn adìyẹ. Láti ọjọ́ náà, kóńgò kan ló fi ń rà, òun náà ló sì fi ń tà.

Bí ẹ bá ń retí pé kí n sọ pé Ọlọ́run bù kún un, pé ọjà rẹ̀ gbòòrò títí ó fi kọ́ ilé, mi ò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà kò mọ̀ pé gààrí àwọn ti pọ̀ sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ fura ni obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì. Ó ní ìyá mi ń ba ọjà jẹ́, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Èrè já wálẹ̀. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, owó ilé ìwé mi kò pé, wọ́n lé mi wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń wo àwọn adìyẹ tí wọ́n ń mu omi nínú owó ilé ìwé mi. Inú bí mi sí Sákéù.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ẹ̀rí tí a máa ń jẹ́ nínú ìjọ wa ti fẹ́ràn láti parí sórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ jókòó, kí ẹ ṣírò ti Sákéù fúnra yín. Ó ní ìdajì ohun ìní òun di ti àwọn tálákà. Nínú ìdajì tó kù, ó ní ẹnikẹ́ni tí òun bá rẹ́ jẹ kó wá gba ìlọ́po mẹ́rin. Agbowó orí ni o! Àwọn tó rẹ́ jẹ kò lè kéré. Mélòó ló máa kù nínú àpótí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Bó bá ní ìyàwó, Bíbélì ṣàánú wa, kò sọ ohun tí obìnrin náà sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀kan kí n tó kúrò níbẹ̀. Ta ni nínú wa tó ṣì jẹ télọ̀ lówó aṣọ tó wọ̀ lónìí? Òfin Mósè kò fẹ́ kí oòrùn wọ̀ kí alágbàṣe tó gbowó rẹ̀. Mo rí i tí ẹ ń wo ara yín. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìyá mi, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní kí odindi ìjọ gbé kóńgò rẹ̀ fún adìyẹ. Ní Abẹ́òkúta ni.

Ìjọ CMS, ìyẹn ti àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ti fìdí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1846. Lọ́dún yẹn náà ni Àjàyí Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá, níbẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ nílùú yẹn. Nítorí náà àwọn tó ti ṣe ẹrú rí wà lára àwọn tó dá ìjọ náà sílẹ̀. Àwọn Sàró tí wọ́n ti Freetown padà wálé, ẹni tí wọ́n tà rí tàbí ọmọ ẹni tí wọ́n tà rí ni púpọ̀ nínú wọn. Wọn kì í sì í ṣe onígbàgbọ́ ẹnu lásán. Nígbà tí inúnibíni dé ní 1849, wọ́n na àwọn onígbàgbọ́, wọ́n kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ àbà. Ọ̀pọ̀ wọn kò sẹ́.

Bíi ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ìjọ ti dàgbà, ó sì ti dọlọ́rọ̀. Àwọn oníṣòwò tó jẹ́ onígbàgbọ́ ń kó epo pupa, èkùrọ́ àti òwú lọ sí Èkó. Epo kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rù ú dé etí odò Ògùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tukọ̀. Ta ni? Ẹrú ni, tàbí ìwọ̀fà. Kí n ṣàlàyé ìwọ̀fà fún ẹ̀yin ọmọdé: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko ẹni tó yá òun tàbí bàbá òun lówó. Iṣẹ́ yẹn, èlé ni. Kì í dín gbèsè kù, bó ti wù kó ṣe é pẹ́ tó. Bí wọn kò bá san owó náà gan-an, irun lè funfun lórí iṣẹ́.

James Johnson ló wá fọwọ́ kan ibẹ̀. Sàró ni, Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ó dé Èkó ní 1874, ó ṣe alúfàá ní ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Holy Johnson, Johnson Mímọ́. Ní 1877 ó lọ jókòó sí Abẹ́òkúta láti máa bójú tó àwọn ìjọ CMS tó wà lókè. Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ló lọ tẹ̀. Ó ní onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ ní ẹrú, kò sì gbọdọ̀ fi ènìyàn ṣe ìwọ̀fà. Nígbà tó wo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ fúnra wọn, ó bá ẹrú àti ìwọ̀fà nílé wọn.

Àwọn èsì tí àwọn ènìyàn máa ń fọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, kò ṣàjèjì sí wa. Pé ẹrú ilẹ̀ wa kò rí bíi ti Amẹ́ríkà. Pé ọmọ ilé ni wọ́n, oúnjẹ kan náà la jọ ń jẹ, àwa la ń gbéyàwó fún wọn. Pé a fowó rà wọ́n kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ì bá pa wọ́n. Èyí tó wúwo jù ló máa ń gbẹ̀yìn: bí a bá dá wọn sílẹ̀, ta ni yóò ru epo? CMS pàápàá wá gbé òfin kalẹ̀ ní bíi 1879 sí 1880 pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́. Ní 1880 kan náà, wọ́n mú Johnson kúrò ní Abẹ́òkúta. Ìlú ti le jù fún un, òun náà sì ti le jù fún ìlú.

Mi ò fẹ́ sọ Johnson di áńgẹ́lì. Ọwọ́ rẹ̀ le. Òun kan náà ló fi kún owó kíláàsì tí ọmọ ìjọ ń san, torí ó fẹ́ kí ìjọ ilẹ̀ wa máa bọ́ ara rẹ̀, kó yé wojú òyìnbó. Èrò náà dára, àmọ́ orí ẹni tí kò ní ló wúwo lé. Lójú tèmi, ìgbà tí ẹni tí inú ń bí nítorí owó kíláàsì àti ẹni tí inú ń bí nítorí ẹrú bá jókòó sórí àga kan, kò sí alúfàá tó lè dúró. Bí ìjà ìjọ ṣe ń rí nìyẹn títí dòní.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nínú ìtàn yìí yàtọ̀. Inú ìjọ kan náà ni àbà àti ẹrú ti pàdé. Ẹni tó gbà kí wọ́n kan ẹsẹ̀ òun mọ́ àbà nítorí Krístì, ọmọ rẹ̀ kò gbà láti ru epo ara rẹ̀ dé etí odò. Àbà, ọjọ́ díẹ̀ ni. Gbogbo ìlú ló ń wò ó, orúkọ sì wà níbẹ̀. Epo, gbogbo Ọjọ́ Ajé ni, kò sì sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́.

Kò sí ẹrú mọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n lórí àga tó kángun sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn yẹn, àwọn ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀ tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀. Ẹ má yíjú padà, ẹ má dójú tì wọ́n. Wọn kò lè dìde kọrin, torí ọmọ ń sùn. Wọn kì í lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ọkà nílé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí nígbà tí ọkọ̀ kan dé. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn wọ ankara ìkórè. Ẹni kẹfà sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú báàgì ọmọ àti fíláàsì omi gbígbóná. Kò wọ ankara. Ó tó ẹni ọdún méjìlá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ní ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kàwé, kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bi ìyá tó mú un wá, á ní, ‘Bí ọmọ mi ni mo ṣe mú un.’ Mo gbà pé ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta ló tún ń sọ, láìmọ̀. Yáàdì aṣọ mélòó ló máa gbà kí ọmọ náà fi dà bí ọmọ lóòótọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí ní ìdáhùn tiwọn. Bí ọjà bá bàjẹ́ tó báyìí, tí ọ́fíìsì náà bàjẹ́, wọ́n á ní ká kúkú fi iṣẹ́ ayé sílẹ̀, ká wọ iṣẹ́ Olúwa pátápátá. Wọ́n á sì tọ́ka sí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ìtàn náà kò ṣàjèjì. Ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀ fún P.W.D., iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, gẹ́gẹ́ bí ìjọ rẹ̀, CAC, ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rọ náà dédé dúró, ohùn kan sì pè é. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1930, ọ̀nà Òkè-Ooye ní Iléṣà, níbi tó ti ń ṣe ìsọjí, kò gba èrò mọ́.

Mo gbà pé a pè é. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n bi lórí àga ìwàásù: ta ló wá wa ẹ̀rọ náà tán? Ọ̀nà yẹn kò tẹ ara rẹ̀. Ẹnì kan gun orí ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ kejì tàbí lọ́sẹ̀ kejì, ó jókòó sínú èéfín àti ooru, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán, àwọn èrò tó ń lọ gbàdúrà ní Iléṣà sì ń gba orí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá. A kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan. Gbogbo wa la fẹ́ jẹ́ Babalọlá tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó máa dúró lórí ẹ̀rọ, kó tẹ ọ̀nà dáadáa nítorí Ọlọ́run, òun la ń wá.

Nígbà tí àwọn agbowó orí àti àwọn ọmọ ogun lọ bá Jòhánù Onítẹ̀bọmi létí Jọ́dánì, tí wọ́n bi í pé kí làwọn máa ṣe, ẹ lọ wò ó, kò sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí agbowó orí gba iye tó yẹ kó gbà, kí ọmọ ogun yé fi ipá gba nǹkan oníǹkan, kí owó oṣù rẹ̀ tó o. Mátíù ni a ní kó dìde nídìí tábìlì owó orí. Sákéù, kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Ẹ̀rù ń bà mí fún Sákéù ju Mátíù lọ, torí Ọjọ́ Ajé, ó máa padà sídìí tábìlì yẹn, àwọn tó rẹ́ jẹ náà á sì ti tò síwájú rẹ̀.

Ti àwọn kọngílá wa, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí òjò méjì gbá lọ, tí ẹni tó ṣe é sì wá dúpẹ́ iṣẹ́ tó parí níwájú pẹpẹ, gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n. Àwa tí a jókòó ti gba ọpẹ́ náà, a ti nawọ́ sí i, a ti ṣe àmín. Ara wa náà ni ọ̀nà yẹn ti ń gbọ̀n nínú ọkọ̀.

Ẹnì kan á ti máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé tísà yìí mọ ẹ̀bi ẹlòmíì tò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba.

Ní 1986, mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ẹgbẹ́ kan nílùú ní àwọn fẹ́ san owó ilé ìwé girama fún ọmọ kan, láti kíláàsì kìíní títí yóò fi jáde. Wọ́n ní kí n fi orúkọ ẹni tó mókè jù lọ ránṣẹ́. Èmi ni mo ṣe ìdánwò fún wọn, èmi ni mo sì máàkì í. Ọmọbìnrin kan gba 81. Ọmọkùnrin kan gba 74. Bàbá ọmọkùnrin náà ló ra páànù tí wọ́n fi bo fésítìrì ìjọ wa. Kò bẹ̀ mí o. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo rò ó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí mo rí i pé ó yẹ kí ìjọ fi ìmoore hàn fún un. Ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo kọ́ kíláàsì Bíbélì. Ìtàn tí wòlíì Nátánì sọ nípa ọlọ́rọ̀ tó gba ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, òun ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo kọ́ ọ dáadáa, ìyá kan sunkún. Ọjọ́ Ajé, mo darí àdúrà fún àwọn ọmọ lórí ìlà, mo wọ ọ́fíìsì, mo kọ orúkọ ọmọkùnrin náà sínú lẹ́tà, mo tẹ òòǹtẹ̀ ilé ìwé lé e.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Títí di àárọ̀ yìí, ìyàwó mi kò mọ̀. Ó ti mọ̀ báyìí.

Ọmọbìnrin náà lọ kọ́ iṣẹ́ rírán aṣọ. Ìyá rẹ̀ ń ta gààrí lọ́jà, ó ti darúgbó, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń bá a gbé igbá. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń rà. Bó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á ní, ‘Tísà àwọn ọmọ mi dé!’ Á lé ẹni tó jókòó sórí àpótí dìde fún mi. Á bu gààrí sínú kóńgò, á gbá a mọ́lẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, á bù lé e títí tí yóò fi máa dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á tún bu èènì sí i, ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo máa ń sọ fún un pé ó ti tó. Kì í gbà. Èmi á la ẹnu àpò sílẹ̀, á máa dà á sí i, á máa ṣàdúrà fún mi. Mi ò tíì sọ fún un. Láti Ọjọ́bọ̀ ni gààrí sì ti tán nílé wa.